Olùdarí Tó Kó Kásẹ́ẹ̀tì Mẹ́tàlá Lọ

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Màmá Lois Akínladé ṣí àpótí onírin tí wọ́n kó kásẹ́ẹ̀tì fídíò àwọn ọ̀dọ́ tó ń díje sí, ó sì bá bíríkì mẹ́ta níbẹ̀. Wọ́n ti fi ìwé ìròyìn wé bíríkì náà dáadáa, wọ́n sì fi rọ́bà dè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹ̀bùn ìgbéyàwó. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́tàlá ló yẹ kó wà níbẹ̀. Kò sí ẹyọ kan.

Gbọ̀ngàn Ẹgbẹ́ Ìrẹ́pọ̀ Ọmọ Yorùbá ní Nasarawa, ní Kaduna, ti kún fọ́fọ́. Ọjọ́ tó kẹ́yìn Àjọ̀dún Fíìmù Olómìnira nìyẹn, lọ́dún 1997. Wọ́n ti fi ọjọ́ méjì wo fíìmù, wọ́n sì ti fi ọjọ́ méjì náà gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ó wá ku kí olùdarí àjọ̀dún dé, kó kéde ọ̀dọ́ tó gbégbá orókè nínú ìdíje. Ife ẹ̀yẹ wà lórí tábìlì. Àga olùdarí wà níbẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ bò ó. Olùdarí fúnra rẹ̀ nìkan ni wọn ò rí.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá Lois, ọmọ Kàbà, ó sì ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ yìí fún ọdún méjìlélógún. Kò pariwo. Ó gbé gíláàsì sójú, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ṣí ìwé ńlá tó máa ń gbé káàkiri, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Aago mẹ́wàá kọjá mẹ́wàá. Bíríkì mẹ́ta." Lẹ́yìn ìyẹn ló tó pe alága.

Alága, Alàgbà Ọlọ́runtọ́ba, ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ títí ariwo ẹ̀rọ fi mú díẹ̀ nínú etí rẹ̀ lọ. Kò wo àpótí kásẹ́ẹ̀tì rárá. Àpótí owó ìwọlé ló sáré lọ bá. Ó gbé e, ó mì í, ó rí i pé ó wúwo.

"Owó wà níbẹ̀," ó ní.

"Owó wà níbẹ̀, sà. Kásẹ́ẹ̀tì ni kò sí."

"Olè tó dé ibi owó tí kò mú owó, ṣé olè náà nìyẹn?"

Ọkàn àwọn ìgbìmọ̀ balẹ̀. Ẹnìkan tilẹ̀ sọ pé Alhamdulillahi. Wọ́n ti fẹ́ ní kí wọ́n pín mínírà kiri nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹkún láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Raheemat Rájí ni, ọmọ ogún ọdún, ọ̀kan nínú àwọn tó ń díje.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń pa ọmọ yìí lẹ́kún, torí òun gan-an ni ìtàn wa. Bàbá bàbá rẹ̀, Bàbá Rájí, fi ọgbọ̀n ọdún gbé àsíá lójú irin ní Kaduna Junction: àsíá pupa, kí ọkọ̀ dúró, àsíá aláwọ̀ ewé, kó máa lọ. Raheemat yá kámẹ́rà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó máa ń ya fídíò ìgbéyàwó, ó jókòó ti bàbá náà fún ọjọ́ mẹ́rin, ó ní kó máa sọ̀rọ̀. Bàbá sọ ọ́. Ó sọ bí màlúù kan ṣe dá ọkọ̀ Kano dúró fún wákàtí mẹ́ta. Ó sọ bó ṣe pàdé ìyá àgbà nínú kíláàsì kẹta ọkọ̀ ojú irin. Ó kọrin, ó sì bú ọ̀gá rẹ̀ tó ti kú. Ìṣẹ́jú méjìlélógún ni fíìmù náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Bàbá Rájí, ó sì mú ohùn rẹ̀ lọ pátápátá. Ó ti pé oṣù mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni nínú ilé ti gbọ́ ohùn bàbá kẹ́yìn. Oníkámẹ́rà sì ti gba kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ padà, ó ti ya ìkómọ mẹ́ta lé wọn lórí. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó kù láyé wà nínú àpótí tí wọ́n ti bá bíríkì yẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni olùdarí yìí yọ sí wọn. Ó pe ara rẹ̀ ní Dókítà Ọlátúnbọ̀sún Oyèbọ́lá. Irùngbọ̀n rẹ̀ balẹ̀ dé bọ́tìnì kejì ẹ̀wù rẹ̀, fìlà rẹ̀ ga, lẹ́tà tó mú lọ́wọ́ sì ní òǹtẹ̀ mẹ́rin lára. Ó ní òun ti darí àjọ̀dún fíìmù ní ìlú méje, Kaduna ló ṣìkẹjọ. Nígbà tí wọ́n ní kó dárúkọ àwọn ìlú náà, ó ní òun ò fẹ́ kí ìlú kan máa jowú èkejì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló wá ya ni lẹ́nu jù. Kámẹ́rà kò sí. Dókítà ní kámẹ́rà gan-an ló ń ba ojú ọ̀dọ́ jẹ́. Ó pín páálí mílíìkì tó ti ṣófo fún ogójì ọmọ, ó ní kí wọ́n dá ihò sí i, kí wọ́n máa fi ojú kan wo ayé. Ọjọ́ méjì gbáko ni ogójì ọ̀dọ́ fi ń rìn kiri Nasarawa pẹ̀lú páálí lójú, tí wọ́n ń kọlu ara wọn, tí wọ́n ń kọlu àwọn tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀. Dókítà jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń pariwo pé "Cut." Ọmọ kan já sínú gọ́tà, òun ni Dókítà fún ní máàkì tó pọ̀ jù.

Màmá Lois nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn sí ọkùnrin náà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wá sí ìpàdé, bí wọ́n ṣe ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá tán, àlejò tí kò sí níbẹ̀ nígbà náà nawọ́ sókè. Ó ní akọ̀wé kọ àdúrà ìparí ṣáájú ìdìbò. Ó yọ báírò pupa lápò, ó sì tún un ṣe sínú ìwé Màmá Lois lójú gbogbo ilé.

"Ẹ má bínú, Mà," ó ní. "Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ní Jos. Ara mi kì í gba àkọsílẹ̀ tí kò tọ́."

Láti ọdún 1975 tí Màmá Lois ti gbàṣẹ́, kò sẹ́ni tó dán irú rẹ̀ wò. Ó gba ìwé rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n kò gbàgbé.

"Ẹ jẹ́ ká lé e," ni Raheemat wí láàárọ̀ Sátidé yẹn, ó ń nu ojú.

"A ò lè déédéé lé èèyàn," ni alága dáhùn. "Ṣé ìpàdé ti fọwọ́ sí i?"

Ni wọ́n bá jókòó. Wọ́n gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ti àwọn Kìrìsìtẹ́nì àti ti àwọn Mùsùlùmí. Ẹnìkan gbé àbá pé kí wọ́n lé Dókítà. Ẹnìkan kín in lẹ́yìn. Ẹnìkẹta dìde, ó ní "lé" ti le jù fún ẹni tó ní òye ìjìnlẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ pé wọ́n fẹ́ "tọpasẹ̀ rẹ̀". Wọ́n fi ìṣẹ́jú márùnlélógún jà lórí èyí. Nígbà tí wọ́n fi máa yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún, tí alága fúnra rẹ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, Raheemat ti gun àchàbà, ọ̀kadà tí wọ́n ń lò níbẹ̀, lọ tipẹ́.

Ìgbìmọ̀ lọ sí garejì Kawo. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó wọ jàlàbíà funfun, tó jókòó lórí àpò ẹ̀wà, ó ń bi awakọ̀ kan léèrè aago tí mọ́tò Kano tó ń gbé ẹrù máa ń gbéra. Àgbọ̀n rẹ̀ ń dán, abẹ sì ti fara kàn án níbi méjì. Dókítà ni. Ó ti fá irùngbọ̀n rẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù, ó sì ti bọ́ fìlà. Ó rí ìgbìmọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, àmọ́ alága ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Sannu, malam," ni alága kí i lédè Hausa, ó wá bi í bóyá ó rí ọkùnrin onírùngbọ̀n kan.

Ọkùnrin náà ronú díẹ̀. Ó dáhùn lédè Hausa tó já gaara pé òun rí i. Ó ga, ojú rẹ̀ fi hàn pé ó kàwé, ó sì níwà. Ó ti bọ́ sínú mọ́tò Zaria.

"Mutumin kirki ne," ó fi kún un, pé èèyàn rere ni.

Ìgbìmọ̀ dúpẹ́. Alága gbàdúrà fún un pé Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ọjà rẹ̀ tà. Àwọn márààrún wọ mọ́tò Zaria, ọkùnrin náà sì dúró títí ó fi gbéra, ó ń juwọ́ sí wọn.

Ọgbọ́n ọ̀tọ̀ ni Raheemat ń dá ní tirẹ̀. Ó rò ó pé ẹni tó fi owó sílẹ̀ tó kó kásẹ́ẹ̀tì, kásẹ́ẹ̀tì náà ló fẹ́ tà. Ó forí lé Kasuwan Barci ní Tudun Wada, ó ń bi àwọn oníṣọ́ọ̀bù fídíò léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ní àwọn ò rí nǹkan kan. Ẹ̀kẹwàá ni ṣọ́ọ̀bù Hàwáwù, obìnrin kan tó máa ń yá èèyàn ní fíìmù.

"Ọkùnrin kan ra páálí kásẹ́ẹ̀tì mẹ́tàlá lọ́wọ́ mi lánàá," ni Hàwáwù wí. "Páálí nìkan. Kò ra kásẹ́ẹ̀tì."

"Kí ló ní òun fẹ́ fi ṣe?"

"Ó ní fíìmù òun ni. Fíìmù kan, apá mẹ́tàlá. Ó gbé méjì sí ẹ̀rọ kí n wò ó. Apá kìíní, bàbá arúgbó kan ń sọ̀rọ̀ màlúù àti ọkọ̀ ojú irin. Apá kejì, àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo ní kí ló so wọ́n pọ̀. Ó ní ẹni tó bá gbọ́n á rí i."

"Níbo làwọn kásẹ́ẹ̀tì náà wà báyìí?"

"Kò sọ fún mi. Mo ṣáà mọ̀ pé wọ́n ń lọ Kano lónìí, ní aago mẹ́rin."

"Tí wọ́n bá dé Kano ńkọ́?"

"Tí wọ́n bá tà, wọ́n tà nìyẹn. Tí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí wọn ò tà, wọ́n á ya fíìmù India lé wọn lórí. Kásẹ́ẹ̀tì wọ́n." Hàwáwù wo ojú ọmọ náà, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Má sunkún. Ó ń bọ̀ ní aago méjìlá wá gba ṣéńjì owó páálí rẹ̀."

Raheemat sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó wà lẹ́bàá ọjà. Sájẹ́ǹtì Patience ló bá lórí àga, ó ń jẹ kosai, àkàrà àwọn Hausa. Ọmọ Kafanchan ni Sájẹ́ǹtì, ṣùgbọ́n inú ọgbà àwọn Yorùbá ní Tudun Wada ló dàgbà sí, ó sì gbọ́ èdè náà ju ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ.

"Kí ni wọ́n jí?"

"Bàbá bàbá mi."

Sájẹ́ǹtì mú báírò. "Ọmọ ọdún mélòó?"

"Ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Àmọ́ ó wà nílé, Mà."

"Ó wà nílé?"

"Ohùn rẹ̀ ni wọ́n jí."

Raheemat wá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀, láìdánu dúró. Bó ṣe parí rẹ̀, Sájẹ́ǹtì ti bo kosai yòókù, ó ti dé fìlà.

Ní aago méjìlá géérégé, ọkùnrin aláìnírùngbọ̀n wọ ṣọ́ọ̀bù Hàwáwù. Raheemat wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, kò sì kọ́kọ́ dá a mọ̀. Àmọ́ èèyàn méjì péré ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù, síbẹ̀ ọkùnrin náà nawọ́ sókè kó tó sọ̀rọ̀, ó ń dúró kí Hàwáwù fún un láyè.

"Òun ni," ni Raheemat wí.

Dókítà gbọ́, ó sì bẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó gba àárín àwọn aláta kọjá, ó fo bẹ́ǹṣì àwọn aránṣọ, Sájẹ́ǹtì ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀ pé "Tsaya! Dúró!" Ní kọ̀rọ̀ kan, ó já wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ó jókòó sórí àga tó ṣófo, ó fa aṣọ bora dé ọrùn. Onígbàjámọ̀ kì í bi oníbàárà ní ìbéèrè. Sájẹ́ǹtì yọjú wọlé, orí kan tí wọ́n ti fá dé ìdajì ló rí, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó kéré tán, ó gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó fá ìdajì kejì. Dókítà jáde pẹ̀lú orí tó ń kọ mànà, ó rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kọjá níwájú Sájẹ́ǹtì, ó tilẹ̀ kí i kú iṣẹ́. Ì bá lọ ráúráú, bí kò bá jẹ́ pé aṣọ onígbàjámọ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, tí onígbàjámọ̀ sì ń sá tẹ̀lé e pé kó dá aṣọ òun padà.

Wọ́n mú un dé àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n tú àpò rẹ̀, báírò pupa nìkan ni wọ́n bá.

"Kí lorúkọ rẹ?"

"Sunana Garba."

"Níbo lo kó kásẹ́ẹ̀tì sí?"

"Ba na jin Yarabanci," ó ní, pé òun ò gbọ́ Yorùbá.

Sájẹ́ǹtì bi í lédè Hausa. Ó ní ẹ̀wà lòun ń tà. Hàwáwù wá jẹ́rìí pé ọkùnrin náà ló ra páálí, tó sì gbé kásẹ́ẹ̀tì méjì sí ẹ̀rọ òun. Garba ní òun ra páálí lóòótọ́, ẹ̀wà lòun fẹ́ máa wọ̀n sínú wọn, òun ò mọ kásẹ́ẹ̀tì kankan. Wákàtí kan kọjá. Wákàtí kejì kọjá. Sájẹ́ǹtì halẹ̀ mọ́ ọn, ó fi àtìmọ́lé hàn án, ó fi kọ́kọ́rọ́ lu tábìlì. Garba wò ó pẹ̀lú sùúrù bí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ fún.

Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ìgbìmọ̀ ti Zaria dé, tó ti rẹ̀ wọ́n bí aṣọ tí wọ́n fún omi lára rẹ̀. Màmá Lois, ẹni tí Sájẹ́ǹtì ti ránṣẹ́ sí ní gbọ̀ngàn, ló kó wọn wá, ó gbé ìwé ńlá rẹ̀ mọ́yà.

"Ẹ wò ó dáadáa," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Ṣé òun nìyí?"

Alága yí ọkùnrin náà po lẹ́ẹ̀mejì. "Kì í ṣe òun. Tiwa ga jù báyìí lọ."

"Mo mọ èyí," ni ọmọ ìgbìmọ̀ kan wí. "Òun ni ọ̀gbẹ́ni dáadáa tó júwe ọ̀nà Zaria fún wa. Sájẹ́ǹtì, ẹ má fìyà jẹ aláìṣẹ̀."

Gbogbo wọn bá bọ Garba lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Raheemat gbá orí mọ́ ògiri. Ó wo aago àgọ́, aago mẹ́ta ti lù. Ó ku wákàtí kan kí Bàbá Rájí tó wọ mọ́tò Kano.

"Ẹnu ìwọ àti Hàwáwù nìkan ni ẹ̀rí wà," ni Sájẹ́ǹtì sọ fún un, inú rẹ̀ ò dùn. "Ríra páálí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Tó bá di aago mẹ́ta ààbọ̀, mo gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀."

Ìgbà náà ni Màmá Lois fa àga, ó jókòó kọjú sí Garba.

"Sájẹ́ǹtì, àwọn ìgbìmọ̀ pé síbí. Ẹ jẹ́ kí n ka àkọsílẹ̀ ìpàdé wa."

"Màmá, àgọ́ ọlọ́pàá nìyí."

"Ibi tí mo ti fẹ́ kà á gan-an nìyẹn."

Ó gbé gíláàsì sójú, ó ṣí ìwé. "Àkọsílẹ̀ ìpàdé tí a fi gba Dókítà Oyèbọ́lá lálejò, àti ohun tó tẹ̀lé e. Ìpàdé bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún."

Garba, tí kò gbọ́ Yorùbá, mi orí díẹ̀. Aago méjì ààbọ̀ ni ìpàdé yẹn bẹ̀rẹ̀.

"Dókítà pẹ́ dé, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ alága."

Garba gbá etí bẹ́ǹṣì mú.

"Dókítà sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́."

"Akọ̀wé, a pàtẹ́—" ni alága fẹ́ wí, Màmá Lois sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ láìgbé ojú kúrò nínú ìwé.

"Sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Dókítà, ọ̀dọ́ mẹ́fà ló wá."

Ọwọ́ ọ̀tún Garba bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Ó fi ọwọ́ òsì fà á wálẹ̀. Òógùn ti bo orí rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Sájẹ́ǹtì rí i, ó sì fa ìwé tirẹ̀ súnmọ́ra.

"Dókítà ṣàlàyé fún ilé," ni Màmá Lois ń kà lọ, ohùn rẹ̀ kò yí, "pé òun ti ṣe igbákejì akọ̀wé rí ní Jos. Fún oṣù mẹ́rìnlá."

Ọwọ́ náà fò sókè.

"Point of correction, Mà." Yorùbá tó já gaara ni. "Akọ̀wé àgbà, kì í ṣe igbákejì. Ọdún mẹ́rìnlá, kì í ṣe oṣù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n dìbò, kò sẹ́ni tó bá mi du ipò náà. Aago méjì ààbọ̀ ni ìpàdé bẹ̀rẹ̀. Mi ò pẹ́ dé, èmi ni mo kọ́kọ́ dé, èmi ni mo bá yín nu àga. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì ni mo fi sọ̀rọ̀, wọ́n sì dìde dúró pàtẹ́wọ́. Ogójì ọ̀dọ́, Mà. Ogójì. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi pín páálí fún wọn."

Màmá Lois kò gbójú sókè, ó ń kọ ọ́.

"Ogójì. A ti tún un ṣe, ẹ ṣé. Dókítà gba kásẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́."

"Mẹ́tàlá."

"Mẹ́tàlá. Ó sì da gbogbo wọn sínú odò Kaduna."

"Èmi? Kí n da fíìmù sódò?" Ó ti dìde. "Wọ́n wà ní Rigasa, nílé Mai Injin, lẹ́yìn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo, nínú àpò ìrẹsì. Mo fi páálí wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ọ́ dáadáa, Mà. Lẹ́yìn ẹ̀rọ. Ẹ má kọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ."

"Lẹ́yìn ẹ̀rọ. Ṣé àtúnṣe mìíràn wà?"

"Kò sí."

"Ta ló gbé àbá pé kí a gba àkọsílẹ̀ yìí wọlé?"

"Èmi ni mo gbé e."

"Ta ló kín in lẹ́yìn?"

"Èmi ni," ni Alàgbà Ọlọ́runtọ́ba dáhùn, torí ó ti mọ́ ọn lára.

Màmá Lois pa ìwé dé. Sájẹ́ǹtì Patience gbé báírò sílẹ̀.

"Garba," ó ní, "yaushe ka koyi Yarabanci?"

Ìgbà tó gbọ́ ọ pé ìgbà wo ló kọ́ Yorùbá ni Dókítà tó wo ibi tó wà. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. Ó gbé e wálẹ̀, ó jókòó, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ láìsí pé wọ́n tún halẹ̀ mọ́ ọn. Kì í ṣe dókítà. Kò ṣe fíìmù rí, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tan kámẹ́rà. Akọ̀wé nìkan ló ṣe rí, wọ́n sì dìbò yọ ọ́ lọ́dún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ó ní láti ọjọ́ náà lòun ti ń wá ohun tí orúkọ òun máa tún wà lára rẹ̀.

Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ọkọ̀ ọlọ́pàá kò ṣíná. Ìgbìmọ̀ fẹ́ gbé àbá pé kí wọ́n tì í, Raheemat yíjú sí wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í láìdìbò. Wọ́n dé Rigasa nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí aago mẹ́rin lù. Mai Injin ti so àpò ìrẹsì mọ́ ẹ̀yìn àchàbà, ó sì ti gbé ẹsẹ̀ kan lé e. Sájẹ́ǹtì gbé e sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n tú àpò náà sórí ilẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá wà níbẹ̀, fọ́tò Dókítà onírùngbọ̀n wà níwájú páálí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Raheemat já páálí tirẹ̀ dànù, ó gbé kásẹ́ẹ̀tì náà sáàyà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun mú un dé ilé.

Ọjọ́ kejì, láti àtìmọ́lé, Dókítà ránṣẹ́ sí Màmá Lois pé òun fẹ́ ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tí wọ́n gbà wọlé náà. Màmá Lois fi ránṣẹ́ sí i. Ó jọ pé inú Màmá náà dùn díẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn kan náà, wọ́n gbé Bàbá Rájí jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n ní yàrá àlejò wọn ní Tudun Wada, wọ́n fi ìrọ̀rí tì í lápá òsì tó ti kú. Raheemat ki kásẹ́ẹ̀tì bọ inú ẹ̀rọ. Ibi tó yẹ kí bàbá ti máa kí àwọn tó ń wo fíìmù, Dókítà ló yọ síbẹ̀. Ó jókòó síwájú aṣọ ibùsùn kan tí wọ́n fi ṣe ẹ̀yìn, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn.

"Èmi, Dókítà Ọlátúnbọ̀sún Oyèbọ́lá," ó ní, "ni mo ronú kan fíìmù yìí, èmi ni mo kọ ọ́, èmi ni mo darí rẹ̀."

Ó ti ní kí ẹnìkan ya òun lé bàbá lórí. Ọkàn Raheemat bàjẹ́. Kò mọ bó ṣe máa pẹ́ tó, bóyá kò tilẹ̀ ku nǹkan kan. Dókítà ń sọ̀rọ̀ lọ. Adìyẹ kan fò lé e lórí itan, kò wò ó, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìlú méje. Adìyẹ náà wo kámẹ́rà, ó wo Dókítà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu fa irùngbọ̀n rẹ̀. Dókítà gbé àgbọ̀n sókè, ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ pẹ̀lú iyì.

Èjìká Bàbá Rájí ń mì. Raheemat rò pé àìsàn náà ló tún dé, ó fò dìde. Ìgbà náà ló gbọ́ ọ. Ohùn kan ń ti ọ̀fun bàbá jáde, ó há, ó gbẹ, ó sì ń lágbára sí i. Bàbá ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Raheemat sáré wọlé láti ilé ìdáná pẹ̀lú síbí ọbẹ̀ lọ́wọ́, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni Dókítà lò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwòrán gbọ̀n, tí Bàbá Rájí mìíràn yọ, tó mú àsíá lọ́wọ́, tó ní, "Màlúù yẹn, Raheemat, ojú mi ni mo fi rí i." Raheemat bú sẹ́kún. Ohùn náà ṣì wà níbẹ̀.

Àmọ́ bàbá tó wà lórí àga kò fẹ́ gbọ́ ti màlúù. Ó na ìka ọwọ́ rẹ̀ tó yá sí ẹ̀rọ, ó ń yí i po, ó ń yí i po, ẹ̀rín ṣì há sí i lọ́fun. Raheemat nu ojú, ó kúnlẹ̀, ó sì dá kásẹ́ẹ̀tì padà sí ibi tí adìyẹ ti fò wọlé.